Ray Charles: Afọ́jú Tí Ìyá Rẹ̀ Kò Gbà Kí Ó Di Alágbe

Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni gbajúmọ̀ olórin nì, Ray Charles, ti kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀. Èkíní ni ajá tí a fi ń fa afọ́jú kiri. Èkejì ni ọ̀pá tí afọ́jú fi ń tẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni gìtá. Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè pé kí ni gìtá wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé ògbóǹtarìgì olórin ni ọkùnrin náà, tí ó mọ dùùrù tẹ̀, tí ó sì mọ clarinet àti saxophone fọn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tí ó bá mọ bí ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ti rí ní àkókò tí a bí i. Afọ́jú aláwọ̀ dúdú tí ó gbé gìtá ka orúnkún, tí ó jókòó sí ìdí ibùdókọ̀ tàbí ẹ̀bá ọ̀nà ọjà, tí ó gbé agolo síwájú kí àwọn aláàánú lè sọ owó wẹ́wẹ́ sí i, irú wọn kò lóǹkà nígbà náà. Àwọn díẹ̀ nínú wọn di olókìkí, bí Blind Lemon Jefferson ará Texas, tí àwo orin blúùsì rẹ̀ tà káàkiri láàrin ọdún 1926 sí 1929. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, alágbe ni wọ́n kú sí. Ray Charles kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú jọ òun pẹ̀lú wọn. Bí ìpinnu yìí ti ṣe wọ̀ ọ́ lọ́kàn ni a fẹ́ sọ lónìí, ọ̀dọ̀ obìnrin alágbàfọ̀ kan ni ìtàn náà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1930 ni a bí Ray Charles Robinson ní ìlú Albany, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Aretha ni orúkọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Retha ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ òrukàn ni Retha. Ìdílé Robinson, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Greenville ní ìpínlẹ̀ Florida, ni ó gbà á tọ́. Ọmọdébìnrin ni ó ṣì jẹ́ nígbà tí baálé ilé náà, Bailey Robinson, fún un lóyún. Ọ̀rọ̀ náà di ohun tí gbogbo ìlú ń sọ, wọ́n sì ní láti gbé e lọ sí Albany kí ó lọ bímọ níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ó padà dé tí Bailey fi bá obìnrin mìíràn lọ. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù lọ ni ìwà Mary Jane, ìyàwó tí Bailey fi sílẹ̀. Dípò kí ó ka Retha sí orogún, ó fà á mọ́ra, ó sì bá a tọ́ ọmọ náà bí ẹni pé òun ni ó bí i. Obìnrin méjèèjì ni Ray ń pè ní ìyá. Mary Jane ni ó ń kẹ́ ẹ, Retha ni ó ń bá a wí.

Wọ́n tòṣì púpọ̀. Òun tìkára rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí ó dàgbà pé nínú àwọn aláìní ìlú náà pàápàá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwọn wà. Retha ń fọṣọ, ó sì ń lọ̀ ọ́ fún àwọn òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ kò le. Ọmọ méjì ni ó bí, Ray àti George, ọdún kan péré ni Ray sì fi ju àbúrò rẹ̀ lọ. Nígbà tí Ray tó nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, àwọn méjèèjì ń ṣeré lẹ́yìn ilé nídìí ọpọ́n ńlá tí ìyá wọn fi ń fọṣọ. Omi kún inú ọpọ́n náà. George bọ́ sínú rẹ̀. Ray kọ́kọ́ rò pé eré ni. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti eré, ó sáré lọ fà á, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó ti rin gbindingbindin sí ọmọ náà lára ti mú kí ó wúwo ju agbára rẹ̀ lọ. Ó ké sí ìyá wọn. Kí ìyá wọn tó dé, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìgbà tí ọ̀fọ̀ yìí ṣì ń rò wọ́n lọ́kàn ni ojú Ray bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Bí ó bá jí ní òwúrọ̀, ipin a ti lẹ̀ ẹ́ lójú pinpin, ìyá rẹ̀ yóò sì fi omi wẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi là. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ó wà lókèèrè ń di ìkùukùu, tí èyí tí ó wà nítòsí sì ń ṣú lọ. Àìsàn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma ni a gbà pé ó jẹ́. Dókítà tí wọ́n gbé e lọ bá sọ pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Nígbà tí yóò fi pé ọmọ ọdún méje, òkùnkùn ti ṣú pátápátá.

Kí ni ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ kan yóò ṣe sí èkejì tí ojú rẹ̀ ń fọ́ lọ? Ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò gbé e jókòó sí ojú kan, tí yóò máa bù oúnjẹ sí i lẹ́nu. Retha kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ojú ọmọ náà tó fọ́ tán ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí yóò ti ṣe máa rin inú ilé láìwò, ibi tí àga wà, iye ìṣísẹ̀ tí ó ti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Nígbà tí ó fọ́jú tán, ó ní kí ó máa gbálẹ̀, kí ó máa pọnmi, kí ó máa fọ aṣọ ara rẹ̀, kí ó sì máa la igi ìdáná. Bẹ́ẹ̀ ni, àáké ni ó fi lé afọ́jú ọmọdé lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò rí èyí, wọ́n sì pariwo lé e lórí pé ìwà ìkà ni ó ń hù sí ọmọ rẹ̀. Èsì tí ó fún wọn kò gùn: ojú ọmọ òun ni ó fọ́, orí rẹ̀ kò fọ́. Fún Ray fúnra rẹ̀, ó máa ń sọ fún un pé òun kò ní wà láyé títí, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sí ẹni tí yóò bá a ṣe é, ọjọ́ náà ni yóò sì mọ ìdí tí òun fi ń le mọ́ ọn. Ọmọbìnrin tí ń sọ ọ̀rọ̀ àgbà báyìí kò tíì tó ẹni ọgbọ̀n ọdún.

Orin ti wọ inú ìtàn náà kí ojú tó fọ́. Ọkùnrin kan wà ní Greenville tí ń jẹ́ Wylie Pitman, tí ó ní ilé ìtajà kékeré tí wọ́n ń pè ní Red Wing Café. Dùùrù kan wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kan sì wà níbẹ̀ tí ènìyàn yóò sọ owó sínú rẹ̀ tí yóò sì kọ orin tí a bá yàn. Pitman mọ dùùrù tẹ̀ ní irú ọ̀nà kan tí a ń pè ní boogie-woogie, nínú èyí tí ọwọ́ òsì ń yí po bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń sáré, tí ọwọ́ ọ̀tún sì ń ṣeré lórí rẹ̀. Bí Ray bá ti gbọ́ ọ, kò sí eré tí ń ṣe tí kò ní fi sílẹ̀. Yóò wọlé, yóò sì lọ dúró gbọnin sí ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin náà. Ẹlòmíràn ì bá lé e jáde, kí ó máa lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: Pitman gbé ọmọ ọdún mẹ́ta náà sórí ìjókòó, ó sì kọ́ ọ bí yóò ti fi ìka kan ṣoṣo wá ohùn orin rí. Títí Ray fi dàgbà, kò yé dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, nítorí pé kò ka ìbéèrè ọmọdé sí ìyọlẹ́nu.

Ní ọdún 1937, Retha mú ìpinnu tí ó le jù lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Florida ní ilé ìwé kan fún àwọn adití àti àwọn afọ́jú ní ìlú St. Augustine létí òkun, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn sí Greenville. Ọmọ ọdún méje ni Ray. Kò tíì sun ibòmíràn rí. Ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò yí ohùn padà. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú irin. Àwa tí a ti rán ọmọ lọ sí ilé ìwé níbi tí ó jìnnà sí wa, tàbí tí àwa fúnra wa ti fi ilé sílẹ̀ ní kékeré, kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí òru ọjọ́ náà ti rí lára Retha.

Ilé ìwé náà dára, ṣùgbọ́n òfin ìyapa tí ó wà ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Apá kan wà fún àwọn ọmọ òyìnbó, apá kan wà fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, àwọn afọ́jú inú wọn kò sì gbọdọ̀ kọjá sí ọ̀dọ̀ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ọmọ tí kò rí ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, tí kò lè mọ ẹni tí ó funfun àti ẹni tí ó dúdú, òun ni wọ́n ń fi òfin àwọ̀ dè. Ray kò gbàgbé èyí. Ní ìsinmi Kérésìmesì àkọ́kọ́, gbogbo àwọn ọmọ ni òbí wọn wá kó lọ sí ilé. Retha kò ní owó ọkọ̀. Ray nìkan ni ó ṣẹ́kù sínú ilé tí àwọn ọmọ ń sùn. Nínú ilé ìwé yìí kan náà ni àwọn dókítà ti yọ ẹyinjú ọ̀tún rẹ̀ nítorí ìrora tí ń dà á láàmú.

Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ó ti di olórin gidi. Kò pẹ́ tí ó fi mọ ìwé Braille, èyí tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà. Ọ̀nà tí afọ́jú ń gbà fi Braille kọ́ orin yẹ kí a ṣàlàyé díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára Ray Charles ti wá. Ẹni tí ó lójú lè gbé ìwé orin síwájú, kí ó máa wò ó, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì máa ṣiṣẹ́ lórí dùùrù. Afọ́jú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tí ó yẹ kí ó fi tẹ dùùrù ni ó gbọ́dọ̀ fi kàwé. Yóò fi ọwọ́ kan ka ìwọ̀nba díẹ̀, yóò fi èkejì tẹ̀ ẹ́, yóò pààrọ̀ ọwọ́, yóò há a sórí, kí ó tó tún lọ ka òmíràn. Báyìí ni Ray ṣe há iṣẹ́ àwọn àgbà olórin Yúróòpù bíi Bach, Mozart àti Chopin sórí, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò fi tó ọmọ ọdún méjìlá, ó lè gbọ́ ohùn gbogbo ohun èlò inú ẹgbẹ́ olórin ńlá nínú orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì pe ohun tí olúkúlùkù yóò fọn fún ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò fẹ́ blúùsì àti jáàsì létí. Bí wọ́n bá ti yíjú kúrò ni ọwọ́ Ray ń padà sí ohun tí Pitman fi kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ọmọ mìíràn bá gba ìdí dùùrù, ó mú clarinet, nítorí pé ó fẹ́ràn bí Artie Shaw ti ń fọn ọ́ nínú rédíò. Nínú rédíò náà ni ó ti gbọ́ Art Tatum, ọba dùùrù jáàsì, tí òun náà kò ríran tán. Ní alẹ́ Sátidé, yóò gbọ́ orin àwọn àgbẹ̀ òyìnbó láti Nashville. Èyí kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n etí tirẹ̀ kì í béèrè àwọ̀ ẹni tí ń kọrin. Bí ó bá sì gba ìsinmi, ó máa ń lọ sí Tallahassee, níbi tí ó ti kọ́ bí a ti ń gun alùpùpù. Yóò máa tẹ̀ lé ìró alùpùpù ọ̀rẹ́ rẹ̀ níwájú. A kò dá ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1945 ni ọjọ́ tí Retha ti ń sọ tẹ́lẹ̀ dé. Ray kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n fi pè é ní ilé ìwé pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ó dé ilé, kò sunkún, kò jẹun, kò sùn, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé òun náà yóò tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ma Beck, tí gbogbo ìlú ń bọlá fún, ni ó fà á sẹ́yìn. Ó rán an létí ohun tí Retha ti kọ́ ọ, pé òun kọ́ ni yóò fi òkú obìnrin náà ṣẹ̀sín nípa jíjókòó sí ojú kan. Nígbà náà ni omijé tó bọ́ lójú tí kò ríran mọ́. Ray sọ pé ikú àbúrò òun àti ikú ìyá òun ni ohun méjì tí ó le jù lọ tí òun rí láyé. Kò ka fífọ́jú mọ́ wọn.

Nínú ọdún yẹn kan náà ni ó kúrò ní ilé ìwé, tí ó sì wọ ìlú Jacksonville lọ, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ Mary Jane gbà á sílé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, kò rí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ olórin. Ní gbọ̀ngàn wọn ni ó ń jókòó sí tí ó ń retí ẹni tí yóò wá pè é. Nǹkan bíi dólà mẹ́rin ni ó ń gbà lóru kan. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Orlando, ebi sì pa á gidigidi níbẹ̀. Ní àsìkò yìí ni Lucky Millinder, tí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ lókìkí, gbọ́ bí ó ti ń tẹ dùùrù tí ó sì ń kọrin. Nígbà tí ó ṣe tán, Millinder sọ fún un gbangba pé kò tíì tó. Ray padà sí yàrá rẹ̀, ó sì sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí omijé gbẹ, ó gbà pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe é láǹfààní ju ìyìn àwọn tí ń ṣàánú afọ́jú lọ, nítorí Millinder kò gba ojú rẹ̀ rò. Orin rẹ̀ nìkan ni ó wọ̀n.

Ní Tampa, ní ọdún 1947, ó bá ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó kan, Florida Playboys, ṣeré. Orin àwọn àgbẹ̀ tí ó ti gbọ́ nínú rédíò ni wọ́n ń kọ. Kí aláwọ̀ dúdú jókòó láàrin wọn nínú Florida ìgbà náà, ohun àrà ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ọdún 1948 ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Gossie McKee tí ń ta gìtá, pé kí ó wo àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí ó sì wá ìlú ńlá tí ó jìnnà sí Florida jù lọ. New York ń bà á lẹ́rù, Chicago ń bà á lẹ́rù. Ìka McKee lọ bà lé Seattle, ní igun àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ray kó owó tí ó ti fi pamọ́, ó sì wọ bọ́ọ̀sì la gbogbo Amẹ́ríkà já. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Kò mọ ẹnì kan níbẹ̀ ju McKee lọ. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì pẹ̀lú ẹnì kẹta fi rí iṣẹ́ nínú ilé ijó kan tí ń jẹ́ Rocking Chair. Ray gba ilé tirẹ̀, ó ń se oúnjẹ ara rẹ̀, ó ń dá rin ìgboro láìsí ọ̀pá. Nígbà náà ni ọmọdékùnrin kan tí ń fọn kàkàkí, Quincy Jones, bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Quincy kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ọdún méjì àbọ̀ péré ni Ray sì fi jù ú, ṣùgbọ́n bí ọmọ sí bàbá ni ó ń jókòó tì í. Ray ṣàlàyé fún un bí a ti ń to ohùn fèrè púpọ̀ papọ̀ kí wọ́n má baà dí ara wọn lọ́wọ́. Quincy di ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ orin ní Amẹ́ríkà, títí ó fi kú ní ọdún 2024 kò sì yé sọ pé afọ́jú yìí ni ó la òun lójú.

Ní Seattle ni ilé iṣẹ́ Jack Lauderdale ti gbọ́ ọ. Ní ọdún 1949 àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, Confession Blues, jáde, ó sì dé ipò kejì nínú àwọn orin aláwọ̀ dúdú tí ó tà jù lọ. Ó gé Robinson kúrò lára orúkọ rẹ̀ kí wọ́n má baà ṣì í mú fún Sugar Ray Robinson, akànṣẹ́ olókìkí. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ fún un kò rí: ohùn tí ó fi ń kọrin kì í ṣe tirẹ̀. Nat King Cole àti Charles Brown ni ó ń sín jẹ. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn wọn, ó sì mọ ohùn wọn sín tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rí owó lórí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jí, ó sì rò ó pé àwọn ènìyàn ń yìn òun pé òun jọ Nat Cole, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ òun. Ó rántí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ pé kí ó máa jẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, nítorí kò mọ̀ bóyá ohùn tirẹ̀ lè mú oúnjẹ wá.

Kò já a gbà lọ́jọ́ kan. Ó bá Lowell Fulson, olórin blúùsì, rìn káàkiri. Ní ọdún 1952 ilé iṣẹ́ Atlantic ra ìwé àdéhùn rẹ̀ ní nǹkan bí dólà 2,500. Ahmet Ertegun, ọmọ aṣojú orílẹ̀-èdè Tọ́kì, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Atlantic sílẹ̀, kò sì fipá mú un. Ní ọdún 1953, ní New Orleans, Ray to orin fún Guitar Slim, ó sì tẹ dùùrù sí àwo tí ó di olókìkí jákèjádò ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Guitar Slim ń ké bí oníwàásù tí ẹ̀mí gbé. A gbà pé gbígbọ́ tí Ray gbọ́ ọ nítòsí báyẹn ran òun náà lọ́wọ́ láti tú ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1954, ó ránṣẹ́ sí àwọn ará Atlantic pé kí wọ́n wá bá òun ní Atlanta. Wọ́n wọlé, wọ́n bá ẹgbẹ́ olórin tí ó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ tí gbogbo wọn ti múra tán. Wọ́n gba orin náà sílẹ̀ ní ilé rédíò kan. I Got a Woman ni àkọlé rẹ̀.

Orin yìí dá ìjà sílẹ̀. Inú orin ṣọ́ọ̀ṣì kan, It Must Be Jesus, tí ẹgbẹ́ Southern Tones kọ ní ọdún náà, ni ó ti fà á yọ. Ó kàn mú orúkọ Jésù kúrò, ó sì fi obìnrin rọ́pò rẹ̀. Ohùn ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó gbọ́ ní Greenville, ìlù jáàsì àti ìbànújẹ́ blúùsì, gbogbo rẹ̀ wọ inú ìkòkò kan. Àwọn oníwàásù bínú. Big Bill Broonzy pàápàá, àgbà olórin blúùsì, sọ pé ohun tí ó yẹ kí a máa kọ nínú ìjọ ni ó ń kọ níta. A kò lè sọ pé kò sí òótọ́ kankan nínú ìbínú wọn, nítorí ohun mímọ́ ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n Ray dáhùn pé bí òun ti rí nìyẹn: inú ìjọ ni òun dàgbà sí, ìdí ẹ̀rọ orin Pitman náà ni òun dàgbà sí, òun kò sì lè fi apá kan pamọ́ fún èkejì. Ní ọdún 1955 orin náà gba ipò kìn-ín-ní láàrin àwọn orin aláwọ̀ dúdú. Kò sí ẹni tí ó tún pè é ní Nat Cole mọ́.

Ìyókù ni ayé mọ̀. Ní ọdún 1958 ó ṣeré níbi àjọ̀dún jáàsì ní Newport, ó sì gbé àwo jáde pẹ̀lú Milt Jackson. What'd I Say, tí ó gbajúmọ̀ ní ọdún 1959, ó kàn dá a sílẹ̀ lórí ìtàgé ni, nígbà tí orin tán tí àkókò kò tíì tán. Lọ́dún náà ó kúrò ní Atlantic lọ sí ABC-Paramount lórí àdéhùn pé àwo orin rẹ̀ yóò padà di tirẹ̀, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n kí olórin èyíkéyìí rí gbà. Ìyá tí ó ní kí ó máa ṣọ́ nǹkan rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ dànù.

Síbẹ̀ a kò ní fi òtítọ́ pamọ́. Nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́ ni oògùn olóró heroin ti dè é mọ́lẹ̀, ó sì lò ó fún nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún. Àwọn ọlọ́pàá mú un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí wọ́n mú un ní Boston ní ọdún 1964, ó ti ní ilé, ó ti ní ọmọ, ẹ̀wọ̀n sì wà níwájú rẹ̀. Ó dá eré dúró, ó wọ ilé ìwòsàn ní California ní ọdún 1965, ó sì jáwọ́. Ó kọ̀ kí àwọn dókítà fún un ní oògùn tí yóò mú ìnira náà rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Georgia kù. Àwọn kan gbà pé ìpínlẹ̀ náà lé e jáde títí láé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ní oṣù kẹta ọdún 1961 ó kọ̀ láti ṣeré ní Augusta nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nínú gbọ̀ngàn, ilé ẹjọ́ sì ní kí ó san owó ìtanràn fún ẹni tí ó ṣètò eré náà. Ó san án. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹta ọdún 1979, ó jókòó sí ìdí dùùrù níwájú àwọn aṣòfin Georgia, ó sì kọ Georgia on My Mind, tí ó ti gbé jáde ní ọdún 1960. Àwọn aṣòfin náà sọ ọ́ di orin ìpínlẹ̀ wọn lọ́dún náà.

Ray Charles kú ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2004 ní Beverly Hills, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ọmọ méjìlá ni ó fi sílẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, ní ọdún 1986, ó dá ẹgbẹ́ àánú kan sílẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa retí pé fún àwọn afọ́jú ni. Kì í ṣe fún wọn. Àwọn tí etí wọn di ni ó dá a sílẹ̀ fún, irú àwọn ọmọ tí wọ́n jọ wà ní ilé ìwé St. Augustine. Ní ti fífọ́jú, kò kà á sí ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ènìyàn.